Adúgbò Tí Tálákà Ti Tán

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àga, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ò rí, ẹ fara ti ògiri. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀rín ló máa pa yín, ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé Alága nìkan ni mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí náà wà níbẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ mi fi wú. Ẹ óò gbọ́ ìyẹn tó bá yá.

Arómidáyọ̀ ni wọ́n ń pe adúgbò wa, lẹ́yìn Sango, bí èèyàn bá ń lọ sí Ìjókò. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ò bẹ̀rù Ọlọ́run, torí kànga kan ṣoṣo la ní, ó sì máa ń gbẹ kí Oṣù Kejìlá tó parí. Níbẹ̀ ni Alhaji Múìdéènì Fọláwẹwọ́ ti di Alága Ìgbìmọ̀ Ìpalẹ̀-Ìṣẹ́-Mọ́. Àjọ kan tó ń jẹ́ Ìrànwọ́ Ìgbèríko, tí ọ́fíìsì wọn wà l'Ábẹ́òkúta, ló yàn án sípò pé kó máa kọ orúkọ àwọn aláìní sílẹ̀, kí ìrànlọ́wọ́ lè kàn wọ́n. Iṣẹ́ náà ò ju ti bíírò àti ìwé lọ. Ṣùgbọ́n Fọláwẹwọ́ kì í ṣe èèyàn bíírò àti ìwé.

Ó kọ́kọ́ di Alhaji. Mẹ́kà tó mọ̀ ò kọjá pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, níbi tó ti sin àna rẹ̀ tó ń lọ. Lẹ́yìn náà ló di Dókítà, èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti gbà á. Ó gba àga kan tí tìmùtìmù mẹ́ta wà lórí ẹ̀, ó gba jíìpù ìgbìmọ̀, ó sì gba Akíndé. Akọ̀wé ni wọ́n pe Akíndé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i kó kọ nǹkan kan rí. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa kígbe nígbàkígbà tí Alága bá fẹ́ wọlé.

"Alága dé o! Alápatà ìṣẹ́! Ẹni tí òṣì rí, tó sá wọgbó! Ẹni tó wúkọ́ ní Sango, tí ebi kó ẹrù ẹ̀ ní Àgbàrá!"

Alága á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á dijú, títí Akíndé á fi parí. Bí igbe náà bá kúrú lójú rẹ̀, á padà síta, á tún wọlé. Lọ́jọ́ kan ó wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó jókòó, ìyá àgbà kan tó wá fẹjọ́ sùn sì ti sùn lọ.

Lọ́jọ́ kan ni lẹ́tà dé láti Abẹ́òkúta. Wọ́n ní àfojúsùn ìdàgbàsókè ọdún yìí ni pé kí iye tálákà tó wà ní adúgbò kọ̀ọ̀kan dín kù sí ìdajì. Alága tó bá ṣe é jù, wọ́n á gbé e wá sí Abẹ́òkúta, á di Olùdámọ̀ràn Àgbà, pẹ̀lú ilé àti awakọ̀.

Fọláwẹwọ́ ka lẹ́tà náà tán, ó bọ́ fìlà.

"Akíndé, ìdajì ni wọ́n wí?"

"Ìdajì ni wọ́n wí, Alága wa."

"Ṣé wọ́n ń fi mí wé àwọn alága yẹpẹrẹ ni? Ta ní ń pa ejò ní ìdajì? Èmi Fọláwẹwọ́, mi ò ní dín tálákà kù. Màá pa wọ́n rẹ́ ni!"

"Ẹ pa wá rẹ́, Alága wa!" ni Akíndé dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé fọ́ọ̀mù káàkiri. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Ṣé o ní tẹlifóònù? Ṣé òrùlé wà lórí ẹ? Ṣé nǹkan kan ti wọ ẹnu rẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta? Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan péré, ó ti kúrò ní tálákà. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n orí èèyàn? Umar nìkan ló fẹ́ dà wọ́n láàmú, ìyẹn Umar tó ń ṣọ́ ilé tí wọn ò tíì parí. Kò ní tẹlifóònù, ilé tó ń ṣọ́ ò ní òrùlé, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́rin tó ti jẹun kẹ́yìn. Akíndé wò ó títí, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ẹ̀pà kan jáde.

"Gbà, jẹ ẹ́."

Umar jẹ ẹ́.

"Ó ti jẹun," ni Akíndé wí, ó sì fa igi sí i.

Báyìí ni tálákà ṣe tán ní Arómidáyọ̀. Alága ní ohun tó tó báyìí gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni mò ń ṣe, ẹ dákun. Èmi ni mo ya òdòdó aláwọ̀ wúrà sí etí ìwé náà, èmi ni mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: ÌWÉ Ẹ̀RÍ PÉ ẸNI YÌÍ KÌ Í ṢE TÁLÁKÀ. Alága fọwọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó sì mú nọ́ḿbà kìn-ín-ní fún ara rẹ̀.

Ẹ óò ní kí ló dé tá a fi gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Ìgbà tí aládùúgbò rẹ bá ti gbà tiẹ̀, tí ìwọ ò gbà, o ti fẹnu ara rẹ sọ nǹkan. Mùjídátù tó ń ta ọṣẹ yọ fọ́tò ọkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri kí tiẹ̀ lè ráyè. Èmi gan-an, mo fi gíláàsì sí tèmi. Ilé mi ń jò lọ́tùn-ún lósì, ìwé ẹ̀rí sì wà láàárín méjèèjì tó ń dán. Alága tún ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ tálákà ládùúgbò mọ́. "Ẹni tí ọrọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà" la gbọ́dọ̀ máa wí. A sì ń wí i.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà. Sìkírátù ni, ẹ̀gbọ́n Alága.

Ìyá wọn kú nígbà tí Múìdéènì ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, Sìkírátù ló sì tọ́ ọ. Àpò ìyẹ̀fun tí àwọn iléeṣẹ́ Àgbàrá bá ti lò tán ló ń rà, á fọ̀ ọ́, á fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ibi tó ya, á tà á fún àwọn eléèédú. Àpò yẹn ló fi rán Múìdéènì níléèwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí tó fi jáde. Nísinsìnyí awọ funfun ti bo ojú rẹ̀. Ọ̀tún ti lọ láti èṣí, òsì sì ti ń tẹ̀ lé e. Àwọn dókítà ojú máa ń wá lọ́dọọdún lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, Ìrànwọ́ Ìgbèríko ló ń gbé wọn wá, wọ́n á ṣí irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé àwọn aláìní nìkan ni. Sìkírátù bá di ògiri mú, ó ń tọ ọ̀nà lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ títí ó fi dé ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀.

"Alága wà nínú ilé o! Alápatà..." Akíndé ti bẹ̀rẹ̀.

"Akíndé, jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí àga ná." Ó jókòó. "Múì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, bá a bá wà ní ọ́fíìsì, Alága ni wọ́n ń pè mí."

"Alága Múì, wá kọ orúkọ mi sínú ìwé àwọn aláìní. Wọ́n ní ojú òsì yìí, bí wọn ò bá tètè ṣe é, òun náà máa lọ."

Fọláwẹwọ́ gbé ara sókè lórí tìmùtìmù mẹ́ta. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa..."

"Mi ò lè wò ó. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

"Mo ní, tálákà ti tán! Gbogbo Arómidáyọ̀ ti là! Ṣé kí n wá kọ̀wé s'Ábẹ́òkúta pé ó ku ẹyọ kan, kí wọ́n béèrè pé ta ni, kí n ní ẹ̀gbọ́n mi ni? Ọ̀tá á yọ̀ mí o!"

Alága wò ó, ó rí ìka rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti gún káàkiri. Ó rántí pé nígbà tí òun wà níléèwé, àwọn ọmọ kíláàsì òun máa ń ní òun ń rùn bí àpò, òun á sì dé ilé, òun á sunkún, obìnrin yìí á tún aṣọ náà fọ̀ fún òun. Ó fẹ́ sọ pé òun á kọ orúkọ náà. Ká ní Akíndé ò sí níbẹ̀ ni, bóyá ì bá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Akíndé wà níbẹ̀, ó ń mi orí. Alága bá mú bíírò, ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí nọ́ḿbà kejì tó ti yà sọ́tọ̀ fún un, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ fara dà á díẹ̀. Tí mo bá ti dé Abẹ́òkúta, ọsibítù tó dáa jù ni màá gbé yín lọ. Màá sanwó ẹ̀ fúnra mi."

Sìkírátù fọwọ́ pa ìwé náà. "Ó ń dán. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Pé ẹ kì í ṣe tálákà."

"Ó dáa," ó dìde, ó wá ògiri. "Màá fi han ojú mi."

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn nínú ààwẹ̀ ni àwọn ará Abẹ́òkúta ní àwọn ń bọ̀ wá fojú rí iṣẹ́ ìyanu yìí. Alága ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sára aṣọ gbàgàdà kan níwájú mọ́sálásí, mo sì kọ ọ́: Ẹ KÁÀBỌ̀ SÍ ARÓMIDÁYỌ̀, TÁLÁKÀ Ò SÍ NÍBÍ MỌ́. Lẹ́yìn náà ni Akíndé sọ̀rọ̀ kan tó ba gbogbo nǹkan jẹ́.

"Alága wa, ọlọ́lá kan kì í pe èèyàn jọ kó má pín nǹkan. Ẹ jẹ́ ká gbé ìrẹsì jáde, ẹ fi yọ sàká níwájú kámẹ́rà."

"Sàká!" Ojú Alága mọ́lẹ̀. "Àádọ́ta àpò!"

Ẹ dákun, ta ni wọ́n ń fún ní sàká? Kò sí ẹnì kan nínú wa tó ronú dé ibẹ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ pé tálákà ò sí, èmi náà ni mo bá wọn ru ìrẹsì.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, pápá iwájú mọ́sálásí kún. Ìyáàfin Ọ̀ṣìnúbí ló ṣáájú àwọn àlejò, obìnrin kúkúrú kan tó wọ awò ojú, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Alága sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ó lé. Ó ní ìṣẹ́ wá sí Arómidáyọ̀, òun di í lọ́rùn mú, ó bẹ òun, òun ò gbẹ̀bẹ̀. Ó ní ilẹ̀ Lárúbáwá ń bọ̀ wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ òun. A pàtẹ́wọ́. Ó sín, a tún pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ló gbé máìkì fún Alfa Basit Ògúntóyè pé kó ṣàdúà sí ìrẹsì.

Alfa yẹn ò mọ eré. Ó wo ìrẹsì, ó wo aṣọ tí mo kọ, ó wo wá.

"Sàká kì í ṣe ìrẹsì tí èèyàn kàn ń dà síta," ó ní. "Ọlọ́run Ọba ti ka àwọn tó tọ́ sí. Fákírì ni àkọ́kọ́, ẹni tí kò ní rárá; mísíkínì ló tẹ̀ lé e, ẹni tí ohun tó ní ò tó. Kí àwọn tálákà tó wà níbí jáde wá."

Ọ̀rọ̀ di ẹtì. Ebi ààwẹ̀ ń pa wá, ìrẹsì sì wà níwájú wa, kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́, gbogbo wa yíjú sí i. "Ikọ́ ni o!" ló yára wí. Mùjídátù fi ìgbúnwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Jáde."

"Ìwọ jáde."

"Èmi tí mo gbé ìwé kọ́ sí pálọ̀?"

Ìyáàfin Ọ̀ṣìnúbí yíjú sí Alága. "Ṣé lóòótọ́ ni, ẹ̀yin Alága? Kò ku ẹnì kankan?"

"Màdámù, bí ẹ bá rí tálákà kan níhìn-ín, kí ẹ gé ọwọ́ mi!"

Nígbà náà la rí Sìkírátù tó dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó ń fọwọ́ di èjìká mú, láti èjìká dé èjìká, títí ó fi dé iwájú.

"Ẹ má gé e lọ́wọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n tálákà nìyí. Èmi ni. Ojú mi ń lọ, mi ò sì rówó ṣe é."

Màdámù gba ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á. "Màmá, ìwé ẹ̀rí nọ́ḿbà kejì nìyí. Òfin wa ni pé ẹni tó fọwọ́ sí i nìkan ló lè sọ pé irọ́ ni, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú èrò." Ó wo Alága. "Ṣé irọ́ lẹ kọ?"

Àánú Fọláwẹwọ́ ṣe mí lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, Abẹ́òkúta wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wa sì ń wò ó. Ó tún fìlà rẹ̀ dé.

"Ìwé náà... ìwé náà péye," ó ní.

Sìkírátù mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá èjìká tó máa dì mú.

"Ó dáa," Màdámù pa ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀ dé. "A kí yín kú oríire. Ẹ̀rọ omi tá a fẹ́ gbẹ́ síbí, kò tọ́ ká gbé e fún olówó. Àtàn-Ọ̀tà kọ orúkọ tálákà tiwọn ránṣẹ́ láìtijú, ibẹ̀ la ó gbé e lọ. Ibẹ̀ náà làwọn dókítà ojú máa lọ lẹ́yìn ìtúnu. Níwọ̀n ìgbà tí ìṣẹ́ sì ti tán níbí, ìgbìmọ̀ tó ń palẹ̀ ẹ̀ mọ́ ti parí iṣẹ́. A tú u ká lónìí. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ jíìpù."

"Màdámù, ipò Olùdámọ̀ràn ńkọ́?"

"Ẹni tó máa dámọ̀ràn lórí tálákà, ó yẹ kó mọ ibi tí wọ́n wà."

Háà! Ẹ wá wo Alága. Ó fò sílẹ̀ lórí àga, ó ń sáré tẹ̀ lé wọn. "Màdámù, ẹ dúró! Tálákà wà! Wọ́n pọ̀ lọ súà! Ẹ wò wọ́n!" Ó nawọ́ sí wa. Ẹ sì mọ ohun tá a ṣe? A bojú wẹ̀yìn, bíi pé àwọn tó ń nawọ́ sí wà lẹ́yìn wa. Màdámù ti wọ ọkọ̀, ó yọ orí lójú fèrèsé. "Ẹ ti mọ òfin. Àtàn-Ọ̀tà ò jìnnà." Ọkọ̀ lọ. Alfa ní kí wọ́n kó ìrẹsì náà tẹ̀ lé wọn, torí ibẹ̀ làwọn tó tọ́ sí wà.

Akíndé ò sùn nílé Alága mọ́jú ọjọ́ kejì. Onílé ńlá kan ní Ìjókò ló lọ ń kígbe fún. Fọláwẹwọ́ fẹ́ wọlé ara rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dijú, ó ń retí. Ewúrẹ́ nìkan ló dáhùn. Ó la ojú, ó rẹ́rìn-ín kan báyìí, ó ní, "Múìdéènì, o ya wèrè." Kò wọlé. Ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Sìkírátù jókòó sí ìdí àpò, ó ń wá ihò abẹ́rẹ́ fún okùn. Okùn náà tàsé lẹ́ẹ̀kan, ó tàsé lẹ́ẹ̀kejì. Àbúrò rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi okùn bọ̀ ọ́, ó dá a padà. Nígbà tí okùn tán, ó tún fi òmíràn bọ̀ ọ́. Báyìí ló ṣe títí ìtúnu ààwẹ̀ fi kọjá, lójoojúmọ́, ọkùnrin tó ti jókòó sórí tìmùtìmù mẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ọdún ni wọ́n lọ sí Àtàn-Ọ̀tà. Èrò ti tò gbọọrọ. Ta sì ni Fọláwẹwọ́ kọ́kọ́ rí nínú ìlà? Mùjídátù, tó fi híjáàbù bo ojú.

"Gbágùúdá ni mo wá rà o," ló yára wí.

Umar wà níbẹ̀, ó ní òun ń dúró de ọ̀rẹ́. Akíndé wà níbẹ̀, ó ní òun ṣìnà. Bí ìdajì Arómidáyọ̀ ló wà nínú ìlà yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹnì kejì rẹ̀ rí. Èmi ńkọ́? Mo ní mo wá wò bóyá ẹnì kan fẹ́ kọ pátákó. Ojú òsì mi tó ti ń ṣókùnkùn ni mo fọwọ́ bò bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ, Ruqoyah, wo ìwé rẹ̀, ó mi orí. "Màmá, ẹ má bínú. Orúkọ yín wà lára àwọn tí kì í ṣe tálákà. Àfi kí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yín fẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ ni."

Fọláwẹwọ́ gba máìkì tí wọ́n fi ń pe orúkọ. Ó gbé àyà síwájú bó ṣe máa ń ṣe.

"Èmi, Alhaji, Dókítà..." Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó di ọwọ́ aṣọ rẹ̀ mú. Àyà náà rọ̀.

"Èmi Múìdéènì ni. Àpò ni wọ́n fi rán mi níléèwé. Irọ́ ni mo kọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní nǹkan kan, èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ sí i pé ó ní. Irọ́ ni gbogbo ìwé Arómidáyọ̀, láti orí ọ̀kan títí dé ìparí. Tálákà ni wá. Tálákà ni èmi náà, ẹ kọ mí mọ́ ọn." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò sì tíì dé Mẹ́kà rí o."

Ẹ̀rín sọ. Òun gan-an ló kọ́kọ́ rín in, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí ẹ̀rín náà tó tán, Umar ti mú ìwé ẹ̀rí tiẹ̀ jáde, ó fà á ya. Mùjídátù ṣí híjáàbù, ó fa tiẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ. Èmi ló pẹ́ jù, torí gíláàsì tí mo fi sí i. Àṣé gbogbo wa la gbé e wá, tá a ń dúró kí ẹnì kan kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ṣí ojú Sìkírátù lọ́jọ́ yẹn, wọ́n fi aṣọ dì í. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni nọ́ọ̀sì tú aṣọ náà. Àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀ sí iwájú rẹ̀, aṣọ àná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò dé fìlà, irùngbọ̀n funfun ti hù sí àgbọ̀n rẹ̀. Sìkírátù sẹ́jú, ó tún sẹ́jú, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rí?"

Ó fọwọ́ kan irùngbọ̀n náà.

"Mo rí tálákà kan," ó ní, "tó jọ àbúrò mi."